Ṣé onígbàgbọ́ lè gba ẹfolúṣọ̀n gbọ́? Ọmọ mi tó fẹ́ kọ WAEC ló bi mí o

Ìyá Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ẹ kú ilé o gbogbo ará ibí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ dá mi lóhùn, kì í ṣe ká máa bú ara wa o, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọkùnrin mi ti wọ SS3, ó ní nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lòun fẹ́ ṣe, bàólọ́jì ló sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá mo ń múra ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè Sùkúù sílẹ̀ torí èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní la sì wà, bí òun náà ṣe gbé nóòtì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì mi lórí tábìlì nìyẹn, ó ní Mọ́mì ẹ wo ohun tí tíṣà wa kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ẹfolúṣọ̀n. Lamarck àti Darwin, àwọn onísáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ tó kọ nípa ẹ̀, ọrùn àgùnfọn, egungun inú ilẹ̀, pé gbogbo nǹkan ẹlẹ́mìí ló bá ara wọn tan, pé ó sì gba àìmọye mílíọ̀nù ọdún kó tó rí bó ṣe rí lónìí. Ó wá bi mí pé tí wọ́n bá bi òun ní WAEC, ṣé kóun kọ ohun tí tíṣà kọ́ òun ni àbí ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àti pé èwo gan-an ni òótọ́.

Mi ò fẹ́ sọ fún un pé kó dákẹ́. Ọmọ tó bá bi ìyá ẹ̀ ní nǹkan tí ìyá ẹ̀ ò dá a lóhùn, ìta ló máa gbé e lọ. Mo bi ẹnì kan tó jù mí lọ nínú ìjọ wa, ó ní ẹ̀kọ́ èṣù ni, kí n yọ ọmọ náà kúrò nínú bàólọ́jì. Báwo ni màá ṣe yọ ọ́, tó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó, ìyẹn ní kí n má da ara mi láàmú, pé ìtàn àtijọ́ lásán ni Jẹ́nẹ́sísì. Ìyẹn dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọlọ́run ló dá mi, mi ò lè sẹ́ ẹ láéláé. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa rò pé ó di dandan kóun ju ọ̀kan nù kóun tó lè mú ìkejì. Ṣé ó di dandan ni? Àti ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yìí, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní ọ̀bọ ló bí wa? Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú yín.

Ajíhìnrere Adátán

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mọ́mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da yín lọ́kàn rú. Ẹ́kísódù 20:11 sọ ọ́ láìfi bò pé ọjọ́ mẹ́fà ni Olúwa fi dá ọ̀run àti ayé àti òkun àti gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, ìka ẹ̀ ló sì fi kọ ọ́ sórí wàláà. Jẹ́nẹ́sísì tún sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ní irú tirẹ̀, ní irú tirẹ̀. Ewúrẹ́ ń bí ewúrẹ́, ẹja ń bí ẹja. Níbo ni ẹja ti ń di èèyàn?

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù lọ ni Róòmù 5:12. Nípasẹ̀ ènìyàn kan ni ẹ̀ṣẹ̀ fi wọ ayé, ikú sì tipa ẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ pé àwọn ẹranko ti ń kú fún mílíọ̀nù ọdún kí Ádámù tó dé, a jẹ́ pé ikú ti wà kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé nìyẹn, kí wá ni Jésù wá ṣe lórí àgbélébùú? Ẹ rò ó dáadáa. Àwọn tó ń sọ pé kò sí Ọlọ́run ni wọ́n ń gbé ẹ̀kọ́ yìí kiri, wọ́n ní àkọsẹ̀bá ni gbogbo wa. Èmi kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ọmọ yín náà kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ẹ máa gbàdúrà fún un, ìfẹ́ ló mú mi sọ ọ́.

Tíṣà Láfẹ́nwá

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Mọ́mì. Ajíhìnrere, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Bàólọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 níbí l'Abẹ́òkúta, ọmọ Áńgílíkà sì ni mí, inú kọ́yà ni mo wà títí dòní, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lọ́dọ̀ mi, ó ń bá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń bá mi wọ kíláàsì.

Ká ti ti ìdánwò kúrò lọ́nà ná. Ẹ sọ fún un kó kọ ohun tí tíṣà ẹ̀ kọ́ ọ. WAEC ò bi í pé kí lo gbà gbọ́, wọ́n ń bi í pé kí ni Lamarck sọ, kí ni Darwin sọ, àwọn ẹ̀rí wo ni wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹni tó dáhùn ìyẹn dáadáa ò sẹ́ Jésù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ: rárá o. Kò sí onísáyẹ́ǹsì tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ tó máa ní ọ̀bọ tó wà nínú igbó lónìí ló bí èèyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwa àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan náà láyé ọjọ́un, bíi mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún sẹ́yìn, baba ńlá yẹn kì í ṣe ìnàkí òde òní, kì í sì í ṣe èèyàn, látọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ìbátan ni wọ́n ní a jẹ́, wọn ò ní òun ló bí wa. Àwọn tó máa ń bèèrè pé kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà tó bá jẹ́ pé ọ̀bọ ló di èèyàn, ohun tí ẹnì kankan ò sọ ni wọ́n ń bá jà.

Kí ló wá mú kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nǹkan ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ọmọ yín náà lè rí dì mú. Ewúrẹ́ ò nílò kó máa wá fítámì C kiri nínú oúnjẹ, ajá náà ò nílò ẹ̀, torí ara wọn ló ń ṣe é fúnra ẹ̀. Àwa ò lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa jẹ ọsàn àti ẹ̀fọ́. Àmọ́ jíìnì, ìyẹn ìlànà inú ara tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, èyí tó yẹ kó máa ṣe é wà lára wa o! Ó wà níbẹ̀, ó ti bàjẹ́ ni, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bí i mọ́ ọmọ láti ìran dé ìran. Ìnàkí náà ní èyí tó ti bàjẹ́, ọ̀bọ náà ní in. Kí ló dé tí àwa àti wọn á fi jọ máa gbé ohun kan náà tó ti bàjẹ́ kiri bí kò bá jẹ́ pé ibì kan náà la ti jogún ẹ̀? Tún wo kúrómósómù, àwọn okùn tíńtín tó ń gbé jíìnì inú ara: ìnàkí ní 48, àwa ní 46. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 2 lára wa, méjì tó lẹ̀ pọ̀ ni, ojú ibi tó ti lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè kà á. Ẹni tó jẹ́ olórí iṣẹ́ kíka DNA èèyàn yẹn, èyí tí wọ́n parí ní 2003, Francis Collins lorúkọ ẹ̀, dókítà ni. Kò gba Ọlọ́run gbọ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó ti di dókítà ló gba Jésù, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba títí dòní pé òun gba Ọlọ́run gbọ́, òun sì gba ẹfolúṣọ̀n gbọ́. Ajíhìnrere, ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé àwọn tó sẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ń gbé e kiri. Mendel tí gbogbo ẹ̀kọ́ jíìnì ti bẹ̀rẹ̀, tó tẹ iṣẹ́ ẹ̀ jáde ní 1866, ẹni Ọlọ́run tó ń gbé ní ilé àwọn mọ́ńkì ni, ọgbà ilé wọn níbẹ̀ ló gbin ẹ̀wà píì ẹ̀ sí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bíbélì, èyí gan-an ló sún mọ́ mi lọ́kàn jù. Mọ́mì, Jẹ́nẹ́sísì 1 náà ni kí ẹ jọ kà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin àti ọmọ yín, kí ẹ rọra kà á. Ìmọ́lẹ̀ dé lọ́jọ́ kìíní, àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ wà lọ́jọ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹta, ọjọ́ kẹrin ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé oòrùn ló ń mú òwúrọ̀ wá, òpè kọ́ ló kọ ọ́. Èyí fi hàn mí pé kì í ṣe aago ló ń kà fún wa, ẹni tó ni ayé ló ń sọ fún wa, pé oòrùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ísírẹ́lì ká ń foríbalẹ̀ fún, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run lásán ni. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, ibi tí wọ́n ń pè ní Algeria lónìí, ti bi ara ẹ̀ léèrè irú ọjọ́ tí àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ ní nǹkan bíi 1,400 ọdún kí wọ́n tó bí Darwin. Ó tún kìlọ̀ pé kí onígbàgbọ́ yé fi Bíbélì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa oòrùn àti òṣùpá àti ẹranko lójú àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀, torí tí wọ́n bá rí i pé a ń ṣì í sọ níbi tí wọ́n ti mọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ ti àjíǹde?

Sáàmù 139 sọ pé Ọlọ́run ló dá mi nínú ìyá mi. Mo gbà á, mo sì ń kọ ọ́ lórin. Bẹ́ẹ̀ kíláàsì kan náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí àtọ̀ ṣe ń pàdé ẹyin, bí ọlẹ̀ ṣe ń di ọmọ láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí pásítọ̀ kan tó tíì dìde rí pé kí n yé kọ́ wọn nípa oyún torí Ọlọ́run ló ń dá ọmọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń dá a, pé oṣù mẹ́sàn-án ló sì fi ń dá a. Tó bá lè fi oṣù mẹ́sàn-án dá èmi, tí mo ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kí ló dé tí kò lè fi mílíọ̀nù ọdún dá ìran èèyàn? Ẹ tún wo ẹsẹ 24 nínú Jẹ́nẹ́sísì 1 náà, ilẹ̀ ló ní kó mú ẹ̀dá alààyè jáde wá. Ó pàṣẹ, ilẹ̀ ṣe é.

Ti àkọsẹ̀bá: Òwe 16:33 ní a ń ṣẹ́ kèké, àmọ́ ọ̀dọ̀ Olúwa ni ìdájọ́ ẹ̀ ti ń wá. Kèké ni àwọn àpọ́sítélì ṣẹ́ tí wọ́n fi mú Mátáyásì, kò sì sẹ́ni tó ní àkọsẹ̀bá ni Mátáyásì. Ohun tó jọ àkọsẹ̀bá lójú wa, ọwọ́ Ọlọ́run lè wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyí. 1859 ni Darwin tẹ ìwé ẹ̀ jáde, 1859 náà ni Townsend, míṣọ́nnárì Òyìnbó yẹn, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn nílùú wa níbí. Nígbà tó di 1884 tí wọ́n parí Bíbélì Yorùbá lódindi, ọdún yẹn kan náà ni Frederick Temple tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford pé ẹfolúṣọ̀n ò ba ìgbàgbọ́ nínú Ẹlẹ́dàá jẹ́. Wọ́n sì fi í jẹ Archbishop ti Canterbury lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nínú ìjọ tiwa gan-an ni o.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Tíṣà ti sọ ọ́ dé ojú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọsibítù kún un. Gbogbo wa la mọ ìwé jẹ́nótáìpù tí pásítọ̀ máa ń béèrè kó tó so tọkọtaya pọ̀. Kí ló dé tí AS fi pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ọ̀kan máa ní in, tí ẹ ò sì lè rí i bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ti Norway wá? Ibà ni. Ibà líle tó ń pa ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ AS gbé ṣe. Anthony Allison, dókítà kan tó dàgbà sí Kenya, ló fi hàn ní 1954. Láyé tí kò sí oògùn, ọmọ AA ń kú lọ́wọ́ ibà, ọmọ SS ń kú lọ́wọ́ àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, àwọn AS ló ń ṣẹ́ kù tí wọ́n ń dàgbà tí wọ́n ń bímọ, bẹ́ẹ̀ ni AS ṣe ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran níbi tí ẹ̀fọn bá wà. Ohun tí Darwin ń sọ nìyẹn, pé ẹni tí ara ẹ̀ bá ibi tó ń gbé mu ló ń ṣẹ́ kù tó ń bímọ, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Kòkòrò ibà náà sì ń ṣe tiẹ̀, chloroquine tí gbogbo wa ń lò nígbà kan, ṣebí 2005 ni ìjọba yí i padà sí ACT, oògùn ibà tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ra, torí pé kòkòrò yẹn ò kú mọ́ tí a bá lò ó.

Kò dín ìgbàgbọ́ mi kù. Tí wọ́n bá gbé ọmọ SS dé lóru tí egungun ń ro ó, tí ìyá ẹ̀ ń pe Jésù, èmi náà ń bá a pe Jésù, mo sì ń wá ojú iṣan tí màá fi omi sí. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn ṣe nọ́ọ̀sì jàre, Mọ́mì.

Ajíhìnrere Adátán

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á fún yín lókun. Àmọ́ ẹni tó ní AS, èèyàn ṣì ni. Kòkòrò ibà tó borí oògùn, kòkòrò ibà ṣì ni. Ìyípadà kékeré inú irú kan náà, kò sẹ́ni tó ń jà á. Kí irú kan di irú mìíràn ni mi ò gbà. Ti mílíọ̀nù ọdún yẹn náà, èmi ò gbà á, tí a bá ṣírò ìran láti Ádámù dé Nóà dé Ábúráhámù dé Jésù, nǹkan bíi 6,000 ọdún ni ayé wà. Àwọn egungun àti ìkarahun tí wọ́n ń rí nínú òkúta, ìkún omi ayé Nóà ló kó wọn síbẹ̀, Jẹ́nẹ́sísì 7 ṣàlàyé ẹ̀.

Bọ̀dá Ewékorò

Ajíhìnrere, ẹ máà bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́ nínú Olúwa, àmọ́ ọ̀rọ̀ òkúta yìí, iṣẹ́ mi ni. Níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tí ẹ bá gbé òkúta yẹn lọ́wọ́, tí ẹ da omi sí i kí eruku ẹ̀ kúrò, ìkarahun lẹ máa rí, ti ìgbín inú òkun, ti àwọn tó máa ń pa èèpo méjì dé bí ìwé, àwọn mìíràn kéré bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Kì í ṣe pé ìkarahun lọ há sínú òkúta o, ìkarahun ló di òkúta. Òkun ló wà níbẹ̀ nígbà kan. Àwọn onímọ̀ òkúta ní ó tó bíi mílíọ̀nù 60 ọdún.

Ti ìkún omi, ẹ̀yin náà ti rí Odò Ògùn nígbà tó bá kún dé Láfẹ́nwá, ẹ ti rí ohun tó máa ń fi sílẹ̀ tó bá fà: ẹrẹ̀, ọ̀rá, ẹ̀ka igi, bàtà ẹsẹ̀ kan, òkú ewúrẹ́, gbogbo ẹ̀ a dàpọ̀. Ti Ewékorò ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iyanrìn ló wà nísàlẹ̀, ìpele iyanrìn yẹn ni wọ́n fi orúkọ Abẹ́òkúta sọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ òkúta kárí ayé, òkúta ìkarahun wá wà lórí ẹ̀, òkúta amọ̀ tún wà lórí ìyẹn, ìpele lórí ìpele, ojú lásán lẹ máa fi rí i lára ògiri kòtò tí wọ́n ti gbẹ́. Tó bá jẹ́ omi kan ló kó gbogbo ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni egungun ewúrẹ́ wà nínú ẹ̀? Ibo ni egungun àwọn èèyàn tó rì wà? Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, nǹkan òkun nìkan ni mò ń rí nínú òkúta yẹn. Òkúta Olúmọ sì dàgbà ju ìyẹn lọ fíìfíì, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù tó fi le, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún ni ti ìyẹn.

Kò sì sí ẹsẹ Bíbélì kankan tó kọ 6,000 ọdún. James Ussher, Archbishop ti Armagh ní Ireland, ló ṣírò ẹ̀ ní 1650 tó ní 4004 ṣáájú Jésù ni Ọlọ́run dá ayé, nígbà tó yá wọ́n wá ń tẹ ìṣirò ẹ̀ sí etí ojú-ìwé Bíbélì Òyìnbó, àwọn èèyàn wá ń kà á bí ẹni pé Mósè ló kọ ọ́. Ẹ má lọ jìnnà, ẹ wo Ihò Ẹléérú lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní 1965 ni Thurstan Shaw, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn kan níbẹ̀, ó lé ní 11,000 ọdún. Èèyàn ti ń gbé nílẹ̀ yìí kí ìṣirò Ussher tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Màríà

Ti ìjọ Kátólíìkì nìkan ni mo fẹ́ sọ, kíákíá. Ní 1950 Póòpù Pius kejìlá kọ̀wé pé ẹ lè ṣèwádìí bóyá ara èèyàn ti ara ẹ̀dá mìíràn tó ti wà láàyè wá, àmọ́ ọkàn èèyàn, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ń dá a. Ní 1996 Póòpù John Paul kejì ní ẹfolúṣọ̀n ti kọjá ohun tí èèyàn kàn rò lásán. A sì ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ wa ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, Ẹlẹ́dàá ọ̀run àti ayé, a ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ìyá Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín, mo ti kà á fún ọmọ náà, ó ti ń bèèrè bó ṣe máa dé Ewékorò. Tíṣà, ọ̀rọ̀ inú oyún yẹn wọ̀ mí lára, torí mo ti bímọ, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló fún mi, mo sì mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ohun tí Ajíhìnrere kọ́kọ́ sọ. Róòmù 5. Ìyẹn ló dì mí lọ́rùn. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́fà sílẹ̀ kí Ọlọ́run fi bó ṣe wù ú ṣe é, mo lè fi ọdún sílẹ̀. Ádámù ńkọ́? Tí kò bá sí Ádámù, ta ló ṣẹ̀? Tí ẹranko bá sì ti ń kú tẹ́lẹ̀, kí ni ikú tó tipa ẹ̀ṣẹ̀ wọlé?

Tíṣà Láfẹ́nwá

Mọ́mì, ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Ọ̀bọ kọ́, ọdún kọ́, Ádámù ni. Mi ò ní sọ pé ó rọrùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ikú. Jẹ́nẹ́sísì 2:17, Ọlọ́run ní lọ́jọ́ tí ìwọ bá jẹ nínú ẹ̀, kíkú ni wàá kú. Ó jẹ ẹ́. Orí karùn-ún sọ pé 930 ọdún ló lò láyé. Ọlọ́run kì í parọ́, torí náà ikú ọjọ́ yẹn ti ní láti ju kí èèmí bọ́ lọ, ìyapa láàárín òun àti Ọlọ́run ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló fara pa mọ́ sáàárín igi. Ikú tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nínú Róòmù 5, ó ní ó kọjá sórí gbogbo ènìyàn. Ènìyàn ló wí, kò dárúkọ ẹranko. Sáàmù 104 sì ń yin Ọlọ́run pé àwọn ọmọ kìnnìún ń ké ramúramù sí ohun ọdẹ wọn, ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ. Onísáàmù ò kà á sí àbájáde ẹ̀ṣẹ̀ kankan, orin ìyìn ló fi ń kọ.

Ti Ádámù fúnra ẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ tó gba ẹfolúṣọ̀n gbọ́ ò fẹnu kò síbì kan. Àwọn kan ní Ádámù ni gbogbo wa, pé ìtàn ẹ̀ ni ìtàn bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ̀yìn sí Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní èèyàn gidi ni Ádámù àti Éfà, pé nínú àwọn tó wà láyé nígbà náà ni Ọlọ́run ti yàn wọ́n, tó mú kí wọ́n mọ òun, tó fún wọn lófin, wọ́n sì ṣẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú gbogbo wa. Ti ìkejì yìí lèmi fara mọ́. Ẹ wo Kéènì ní orí kẹrin, ó pa àbúrò ẹ̀ tán, ó wá ń bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni tó bá rí òun máa pa òun. Ta ni ẹnikẹ́ni yẹn? Ó fẹ́ ìyàwó, ó tún kọ́ ìlú. Ta ló fẹ́ kọ́ ìlú fún? Bíbélì fúnra ẹ̀ ò ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé tí èyí ò bá rí bẹ́ẹ̀ asán ni ìgbàgbọ́ yín, Kọ́ríńtì kìíní 15 ni, ẹ ṣí i, àjíǹde Jésù ló wà níbẹ̀. Kò kọ iye ọdún tí ayé ti wà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ náà, mi ò ní kí onísáyẹ́ǹsì wá fi hàn mí pé ó wà, mo rí i lára mi.

Ajíhìnrere Adátán

Tíṣà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì bá yín dé ibẹ̀. Lúùkù 3 ka ìran Jésù sẹ́yìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ádámù, ó ní ọmọ Ọlọ́run. Kò ní ọmọ ẹnì kan mìíràn láàárín. Ibẹ̀ ni màá dúró sí. Àmọ́ mo yọ̀ pé ẹ ò ju Ádámù nù bí àwọn kan ṣe ń jù ú nù, ti Kéènì yẹn náà màá tún gbé e yẹ̀ wò dáadáa pẹ̀lú àdúrà.

Tíṣà Láfẹ́nwá

Ajíhìnrere, ẹ ṣeun, sà. Lúùkù 3 yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí èmi lè sọ pé Ádámù ò sí rí. Ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí, mi ò ní kí ẹ kúrò. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò ju ẹyọ kan lọ. Tí ọmọ SS3 kan bá dìde nínú ìjọ yín tó ní òun gba ohun tí wọ́n kọ́ òun ní bàólọ́jì gbọ́, ẹ bá a jiyàn bí ẹ bá ṣe fẹ́, ẹ ṣí Bíbélì fún un, àmọ́ ẹ má sọ fún un pé ó ti fi Jésù sílẹ̀. Ó lè gbà yín gbọ́, sà. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó gbà á gbọ́, wọ́n mọ ìwé, wọ́n wà ní yunifásítì báyìí, wọn ò sì dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.